Orí Kẹrin: Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Rí Àrà Aṣọ Ojoojúmọ́ Nínú Ìwé Aláwòrán

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ máa múra dáadáa lójoojúmọ́ láìná owó òde. Ó wà fún olùkọ́ tó ń gun ọ̀kadà láti Ìrèsì wá sí Ọ̀tan Ayégbajú láàárọ̀, fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, fún ìyálọ́jà tó ń jókòó ti ọjà rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, àti fún ọmọṣẹ́ télọ̀ tó fẹ́ kí ojú òun là. A ó kọ́ bí a ṣe ń wo ìwé, bí a ṣe ń mú nǹkan jáde nínú rẹ̀, àti bí a ṣe ń gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tí aṣọ kò fi ní bàjẹ́.

Òfin kan ló gbé gbogbo orí yìí dúró: nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ó lè jẹ́ ọrùn aṣọ, ó lè jẹ́ apá, ó lè jẹ́ bí àwọ̀ méjì ṣe pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gbogbo àwòrán wálé, ẹni inú fọ́tò ló ń rán aṣọ fún, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ohun èlò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

- Ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ le. Èyí ni yóò di ìwé àrà yín.
- Àlùmọ́gàjí méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún aṣọ. Ìwé máa ń pa ojú àlùmọ́gàjí. Èyí tó bá ti gé ìwé pẹ́, fífà ni yóò máa fa aṣọ.
- Gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù. Ẹ má lo ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì, nítorí aáyán àti eku yóò wá a wá.
- Báírò, pẹ́ńsù, ṣọ́ọ̀kì télọ̀ àti tépù tí télọ̀ fi ń wọn ara.
- Fóònù tó ní kámẹ́rà, fún ìwé tí a kò gbọ́dọ̀ gé.
- Àgékù aṣọ oríṣiríṣi. Kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí kò ní àpò àgékù nílẹ̀. Ẹ tọrọ díẹ̀.
- Àkísà funfun kan àti abọ́ omi, láti fi dán àwọ̀ aṣọ wò.
- Ike tó ní ọmọrí, tí ẹ ó máa kó ìwé sí. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń lẹ ojú ìwé tó ń dán pọ̀, bí ẹ bá sì fi agbára ṣí i, àwòrán yóò ya.

Ibi tí ẹ ó ti rí ìwé

Kò pọn dandan kí ẹ ra ìwé tuntun. Ẹ wo ibi wọ̀nyí.

*Ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ti onídìrí.* Kàlẹ́ńdà sítáì ló kún ibẹ̀, àwòrán bí ogún tàbí ọgbọ̀n lójú kan. Bí ọdún rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ bẹ oníṣọ́ọ̀bù kí ó fi ta yín lọ́rẹ. Ohun tí kàlẹ́ńdà yìí fi dára ni pé télọ̀ ló ṣe é fún télọ̀: ojú rírán aṣọ hàn nínú rẹ̀ ju ti inú ìwé ìròyìn lọ.

*Ìwé ìròyìn òde àríyá.* Ovation, tí Délé Mọ́mọ́dù dá sílẹ̀ ní London ní 1996, ló gbajúmọ̀ jù. City People náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó lọ sóde ìnáwó ni wọ́n ya síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọ̀ ni kí ẹ máa wò níbẹ̀: gèlè wo ló lọ pẹ̀lú ìró wo, fìlà wo ló gbé agbádá wo yọ. Ẹ fi ìtóbi gèlè àti léèsì olówó ńlá sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

*Àpótí àwọn àgbà.* Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àpótí ìyá àgbà lẹ ó ti rí álúbọ́ọ̀mù ìdílé, fọ́tò dúdú-òun-funfun, àti bóyá ẹ̀dà Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré àwọn òṣèré wa láwọn ọdún 1970. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ sílé, sọ́jà, sóko ló wà nínú rẹ̀: bùbá tí kò fún mọ́ra, ìró tó dúró dáadáa, gèlè kékeré tí a wé kíákíá. Fún ìmúra ojoojúmọ́, ó wúlò ju ìwé àríyá mẹ́wàá lọ. Ẹ má gé ọ̀kankan nínú irú ìwé yìí. Ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ dá a padà síbi tó wà.

*Ìwé ńlá nílé ìkàwé.* Ẹni tó bá ráyè dé ilé ìkàwé yunifásítì ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn lè béèrè díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣe àlàyé aṣọ ọkùnrin àti obìnrin láyé àtijọ́. Ìwé tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe lórí àdìrẹ jáde ní Ìbàdàn ní 1971. Shade Thomas-Fahm, aránṣọ ayé òde òní tó ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, kọ Faces of She ní 2004. Òun ló fi síìpù sí ìró kí obìnrin òṣìṣẹ́ má bàa máa tún un ró káàkiri, òun náà ló sì mú agbádá ọkùnrin, tó sọ ọ́ di ẹ̀wù obìnrin. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣe: nǹkan kan ló yí padà lára aṣọ tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ti àgbègbè wa, John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan tẹ ìwé kan jáde ní 1996 lórí ipò ọba ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹ lè wo ọnà inú rẹ̀. Ẹ sì lè wo iṣẹ́ igi àwọn Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá. Ọnà tí wọ́n gbẹ́ yípo ìlẹ̀kùn àti òpó, oní-igun-mẹ́ta, alálọ́pọ̀, èyí tó dà bí ẹní híhun, ṣeé fi okùn kọ sí etí ọrùn bùbá tàbí sí ẹnu àpò sòkòtò.

Ìgbésẹ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí ẹ ń lọ. Kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀: ọjọ́ mélòó níbi iṣẹ́, ọjọ́ mélòó lọ́jà tàbí lóko, ọjọ́ mélòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ márùn-ún tí òde jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, àrà iṣẹ́ ni kí ẹ máa wá.

2. Ẹ wo ìwé náà tán láì mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Ẹ kàn máa ṣí i. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí àwòrán tó bá tún dá yín dúró. Èyí tó bá dá yín dúró lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

3. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹni inú àwòrán. Ẹ tún fi ìka bo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti gèlè. Ṣé aṣọ náà ṣì wù yín? Bí kò bá wù yín mọ́, ẹwà ẹni náà tàbí wúrà ọrùn rẹ̀ lẹ rí, ẹ kò tíì rí aṣọ. Ọ̀pọ̀ owó ìránṣọ ni ìgbésẹ̀ kékeré yìí máa ń gbà sílẹ̀.

4. Ẹ sọ ohun náà ní gbólóhùn kan. Ẹ gé àwòrán náà tàbí kí ẹ yà á, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àrà, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ mú sábẹ́ rẹ̀: "Apá dé ìgbúnwọ́, ìṣẹ́tí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìró." Bí gbólóhùn kan kò bá gbà á, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àdìrẹ Ìbàdàn Dùn ṣe àpẹẹrẹ. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀, ẹ ó rí àpótí-àpótí, ọnà ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan lára wọn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló tò síbẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń fi ẹ̀kọ láfún kọ ọ́ kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í mu aró tó ibi tó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé gbogbo aṣọ náà rù yóò dí ojú ara rẹ̀. Ẹni tó bá mú àpótí kan ṣoṣo, tó fi ṣe àpò àyà sórí bùbá aláwọ̀ kan, ti rí aṣọ ọjọ́ Ajé.

5. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àpótí aṣọ yín wò. Kí ẹ tó ra ọ̀pá aṣọ kan, ẹ wá ohun tó sún mọ́ àwòrán náà nínú ohun tí ẹ ti ní. Bó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ mú, ẹ gbé ìró àti bùbá tí ẹ kò tíì wọ̀ pọ̀ rí síta, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Iná gílóòbù máa ń tan ojú jẹ: búlúù dúdú àti dúdú máa ń jọra lábẹ́ rẹ̀.

6. Bí ẹ bá máa ra aṣọ, ẹ dán an wò. Ẹ fi àkísà funfun tútù nu igun aṣọ náà dáadáa. Bí àkísà bá gba àwọ̀, aṣọ náà yóò ṣì, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ rán an pọ̀ mọ́ funfun. Àdìrẹ aláró sábà máa ń ṣì, nítorí náà ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù. Àǹkárá olówùú lè sún kì lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí télọ̀ tó gé e. Ẹ wò ó bóyá ọnà aṣọ náà ní orí àti ìdí. Bí ẹyẹ inú rẹ̀ bá kọjú sókè, aṣọ yóò gbà ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí télọ̀ kò ní lè dojú rẹ̀ délẹ̀.

7. Ẹ wọn ara yín lónìí. Ẹ má ṣe lo ìwọ̀n ọdún tó kọjá. Ara ń sanra, ara ń rù. Bí àrà náà bá ṣàjèjì, ẹ ní kí télọ̀ fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú tàbí aṣọ àtijọ́ gé ọrùn tàbí apá rẹ̀ wò kó tó fọwọ́ kan ojúlówó.

8. Ẹ bá télọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ má kàn gbé fóònù fún un kí ẹ ní "Ẹ rán eléyìí fún mi." Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Ọrùn inú àwòrán yìí nìkan ni mo fẹ́. Apá rẹ̀ kò kàn mí, ẹ ṣe apá bùbá tí ẹ máa ń rán fún mi. Ṣé aṣọ yìí gbà á?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí ó máa sọ. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè sọ fún yín pé àǹkárá le jù fún irú ọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á gbọ́. Tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àrà: ohun tí a fẹ́ rán, ọ̀pá aṣọ tí ẹ kó fún un, owó tí ẹ san, ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹ bi í léèrè bí ẹ̀yìn aṣọ yóò ṣe rí, nítorí iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ àwòrán ń fi hàn. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ní 1968, máa ń ya irun láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ onídìrí lè hàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àti irun yín: bí ẹ bá rí àrà tó wù yín lára ẹni tó gbà kí ẹ ya òun, ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́.

9. Ẹ wọ̀ ọ́ nílé kí ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń sá aṣọ, ẹ gun àtẹ̀gùn. Ibi tó bá fún yín tàbí tó ń ṣí sílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ gbé e padà fún télọ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Ohun dídùn kéékèèké

Wíwo ìwé gba àyè àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ yan alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ wá nǹkan ìpanu sẹ́gbẹ̀ẹ́: gúgúrú àti ẹ̀pà, tàbí dòdò Ìkirè bí ẹnì kan bá rà á bọ̀ lọ́nà Ìbàdàn. Dòdò Ìkirè kún fún epo àti ata, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ fọwọ́, kí ẹ tó ṣí ìwé. Àpá epo kì í kúrò lára bébà.

Ẹ tún lè fi ohun kékeré ra inú dídùn láàárín oṣù dípò aṣọ odindi: bọ́tìnnì mẹ́fà tó dára láti fi pààrọ̀ ti ẹ̀wù àtijọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kan, àǹkárá ọ̀pá kan fún gèlè. Ẹ dá iye kan sílẹ̀ fún un lóṣù. Bí owó oṣù yìí bá tán, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Àwọ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri. Ẹ tẹ́ obì pupa àti obì funfun sórí àwo, ẹ gbé kòkó tó pọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ewé rẹ̀, kí ẹ wá fi àgékù aṣọ yín wá àwọ̀ wọn. Ohun tó bá ara mu lóko máa ń bá ara mu lára aṣọ.

Ìkìlọ̀

*Ọ̀kadà.* Aṣọ tó fẹ̀, ìró tó tú, ìborùn gígùn àti etí agbádá lè wọnú táyà tàbí ṣéènì ọ̀kadà, kó sì fa ènìyàn lulẹ̀. Ẹ ká gbogbo rẹ̀ sábẹ́ itan kí ọlọ́kadà tó gbéra. Bí ọ̀kadà bá jẹ́ ọkọ̀ yín ojoojúmọ́, ẹ fi àrà tó ń wọ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

*Iná.* Apá tó fẹ̀ kì í ṣe aṣọ ìdáná. Aṣọ aláṣepọ̀ tó ń dán máa ń yọ́ mọ́ ara bó bá gbaná. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó súnmọ́ ààrò, sítóòfù tàbí gáàsì.

*Àpótí àtijọ́.* Àkekèé fẹ́ràn abẹ́ ìwé tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú àpótí òkùnkùn. Ẹ gbé e síta, ẹ fi igi tú u, ẹ gbọn ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí eruku bá pọ̀, ẹ fi aṣọ bo imú.

*Káńfọ̀.* Ọmọdé lè rò pé súùtì ni káńfọ̀ funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ, májèlé sì ni. Ó léwu gan-an fún ọmọ jòjòló: aṣọ tó bá ń rùn ún, ẹ sá a sí afẹ́fẹ́ títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ kí ẹ tó fi pọn ọmọ.

*Aró àti sódà.* Bí ìwé bá fi bí wọ́n ṣe ń pa àdìrẹ hàn yín, ẹ má fi sódà dán an wò nínú yàrá. Sódà ń bó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ aláró.

*Gèlè.* Gèlè tó ń fọ́ni lórí ti le jù. Ẹ tú u kí ẹ tún un wé. Bí ẹ bá fi píìnì mú un, ẹ yí ẹnu rẹ̀ síta, kí ẹ sì ka gbogbo píìnì nígbà tí ẹ bá ń tú u.

*Ohun tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn.* Adé ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ egúngún, àti ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn olórìṣà fi ń mọ ara wọn kì í ṣe àrà. Ẹ lè wo bí àwọ̀ wọn ṣe tò, ṣùgbọ́n ẹ má da odindi wọn rán. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bi àgbà àdúgbò kí ẹ tó gé aṣọ.

*Fọ́tò ẹlòmíràn.* Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni lóde, àti kí ẹ tó gbé fọ́tò ìdílé wọn sórí WhatsApp. Ìwé tí ẹ yá, ẹ má gé e.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- *Kíkó àwòrán jọ láìlò ó.* Bí àwòrán ogún bá ti wà nínú ìwé tí ẹ kò tíì lo ọ̀kan, ẹ dúró ná. Ẹ lo ọ̀kan kí ẹ tó lẹ òmíràn.
- *Dída àrà mẹ́ta pọ̀.* Apá tó tóbi, ọrùn tó jìn àti ìdí tó tú máa ń bá ara wọn jà lára aṣọ kan.
- *Gbígbàgbé oòrùn àti ọyẹ́.* Léèsì onílàínì ń mú ooru lọ́jà. Aṣọ funfun kì í pẹ́ gba eruku lásìkò ọyẹ́.
- *Gbígbé aṣọ fún télọ̀ nígbà tí ọdún kù dẹ̀dẹ̀.* Àrà tuntun nílò àtúnṣe. Ẹ gbé e fún un nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.
- *Jíju àwòrán nù lẹ́yìn ìránṣọ.* Ẹ kọ sí abẹ́ rẹ̀ bí aṣọ náà ṣe rí: ó gbà, kò gbà, ibi tó fún. Ìwé àrà tó ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ tuntun lè lò bí ti àtijọ́ bá kó kúrò nílùú.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ṣùgbọ́n ìrísí kò gba owó púpọ̀ tó bí àwọn oníwé àríyá ṣe ń mú un hàn. Ẹ mú àwòrán kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bo ojú inú rẹ̀, ẹ yọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi í sára aṣọ tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ lọ bá télọ̀. Bí kò bá gbà, bébà lásán lẹ pàdánù.